Ojú Olútóyìn Nínú Oòrùn Àárọ̀

Ariwo ẹnu géètì ni Àǹtí Cecilia kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń to àwòrán àwọn ọmọ Praimári Fáìfù sára ògiri lọ́wọ́, ó sì rò pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló tún ń bá ara wọn jà níwájú iléèwé, nítorí ìjà ò wọ́n lójú títì Igando yẹn. Ìgbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ògiri.

"Ẹ pe tíṣà tó ń kọ́ wọn ní àwòrán jáde! Kó wá sọ ohun tó fi ìyàwó mi ṣe!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé Èkó, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé fún yín. Kí ẹnì kan ṣáà ti ké e síta pé tíṣà kan ń fi ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, wọ́n á ti fa aṣọ ya mọ́ onítọ̀hún lára. Wọn ò ní bi í bóyá ọmọ Èkìtì jẹ́ẹ́jẹ́ ni, wọn ò sì ní bi í bóyá ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà.

Mọ́mì Àjíṣafẹ́, obìnrin tó ni iléèwé náà, yọjú lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ojú rẹ̀ ti dà rú.

"Àǹtí Cecilia, kí lẹ fún ọmọ Kọ́lápọ̀?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan, Mà. Bí wọ́n ṣe ń kun àwòrán ni mo kọ́ wọn."

"Ó dáa, ẹ máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bú yín, ẹ má fèsì o."

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ò ju iṣẹ́ ilé lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Cecilia lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Ìkòtún, ó tẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé jáde, ó sì gbé wọn wá fáwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Ó ṣáà fẹ́ràn wọn ni. Ó sọ fáwọn ọmọ pé Monet a máa ya ohun kan ṣoṣo léraléra, òkìtì koríko gbígbẹ lásán lóko, á yà á láàárọ̀, á yà á nírọ̀lẹ́, á tún yà á nígbà tí yìnyín bò ó, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wà níta ló ń sọ irú àwọ̀ tí nǹkan máa ní lójú wa. Seurat ní tirẹ̀, tó-tò-tó ló máa ń fi ọ̀dà kán an sílẹ̀, á máa kán an títí á fi di èèyàn, á di igi, á di odò. Ti Matisse ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù, nítorí ó ya ìyàwó ara rẹ̀, ó sì fa ilà gíríìnì gbọọrọ sí obìnrin náà láàárín ojú.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ń bá ìyàwó wọn jà ni?" Al-Ameen, aláwàdà kíláàsì náà, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Wọn ò jà rárá. Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ ló fi ọ̀dà sọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tó bá jẹ́ Monet lẹ fẹ́ ṣe, ẹ wo èèyàn nígbà tí oòrùn bá wà lójú rẹ̀. Ẹ má ya ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ o, ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti àsìkò tẹ́ ẹ rí i sẹ́yìn pépà. Tó bá jẹ́ Matisse, ẹ ya bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn onítọ̀hún tó. Ẹ lọ mú ẹnì kan nílé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ náà wá, Fisáyọ̀, ọmọ Kọ́lápọ̀, gbé àwòrán ìyá rẹ̀ kalẹ̀, inú Àǹtí Cecilia sì dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ojú obìnrin náà kún gbogbo pépà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn tí kò tíì pọ́n tán, abẹ́ ojú rẹ̀ jẹ́ gíríìnì, ẹyinjú méjèèjì sì jẹ́ yẹ́lò. "Matisse gidi rèé!" ló wí, ló bá lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ Matisse lára ògiri. Ọmọ náà ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe..." Ṣùgbọ́n agogo ìsinmi ti lù, àwọn tó kù ti ń ya lọ sẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Cecilia wá ní kó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó gbàgbé láti bi í. Ó ní káwọn ọmọ gbé àwòrán náà lọ han àwọn òbí wọn, ó sì bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn.

Àwòrán yẹn ló wà lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù dúdú yìí. Ó di ẹnu rẹ̀ mú bí ẹni pé ejò ló wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni ọkùnrin náà, ẹni tí táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, irùngbọ̀n sì ti hù lẹ́nu rẹ̀. Susanna, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, dúró tì í. Susanna ló ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó gbé ìgò òróró dání, ó sì gbé ìṣáná dání.

"Ìwọ ni?" Susanna wo Àǹtí Cecilia láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Èmi ni."

"Ẹ wò ó, Àǹtí," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ìyàwó mi lóyún. Ọmọ mi gbé èyí wálé láti ọ̀dọ̀ yín, a sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, a ò fura. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti dùbúlẹ̀. Kò lè jẹun. Ó ń họra tọ̀sán tòru. Ilé àdúrà ló wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń gbàdúrà fún un ló bi wá pé ta ló kùn ún ní àwọ̀ òkú. Mo wá wá bi yín. Ta ló rán yín?"

Àwọn òbí tó wá já ọmọ wọn sílẹ̀ ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ya wọ inú ọgbà, wọ́n sì ti na fóònù sókè.

"Bisikíìtì ló fún wọn, mo gbọ́!"

"Àbí súìtì ni?"

"Èmi ò mọ èyí tó jẹ́, jàre. Ó ṣáà fún wọn ní nǹkan!"

Ẹnì kan di búláòsì Àǹtí Cecilia mú láti ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn wo ẹni náà. Ẹ̀rù gidi ń bà á. Mọ́mì Àjíṣafẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ kiri láàárín èrò, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ná," kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

"Wàá tú u," ni Susanna wí. "Lójú gbogbo wa níbí, wàá fi ẹnu ara rẹ tú ohun tó o dì, ká tó sun ún."

Ẹ wo wàhálà! Bí Àǹtí Cecilia bá la ẹnu sọ pé òun tú u, ó ti gbà pé òun ló dì í nìyẹn. Bó bá sì kọ̀, ọ̀rọ̀ á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ tú, Mà. Àwòrán ọmọdé ni."

"Ó ní òun ò tú u o!" Èrò hó yeee. Ẹni tó di búláòsì rẹ̀ mú fà á, bọ́tìnnì kan sì já.

Susanna fi ọwọ́ fa Fisáyọ̀ jáde láti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ọmọ náà wọ aṣọ iléèwé.

"Kí ni tíṣà yìí ní kó o ṣe sójú mọ́mì ẹ? Sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́."

Ọmọ náà sorí kọ́. "Sọ̀rọ̀!" ni bàbá rẹ̀ jágbe. Kò tíì jágbe mọ́ ọn báyìí rí, ó sì hàn lójú ọmọ náà.

Susanna fa àwòrán náà yọ nínú náílọ́ọ̀nù, ó ṣá ìṣáná, ó sì nà án sí igun pépà. Iná mú un. Fisáyọ̀ fi igbe ta, ó já pépà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ àti yẹ̀rì iléèwé rẹ̀ pa iná ọ̀hún.

"Ẹ má sun mọ́mì mi! Monet ni mo ṣe! Mo fẹ́ sọ fún Àǹtí, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́! Kì í ṣe Matisse, Monet ni!"

"Ẹ gbọ́ o!" ni obìnrin kan ké láàárín èrò. "Ó ti dárúkọ ẹ̀mí náà!"

"Ta ni wọ́n ń pè ní Mónè? Ẹ bi í, níbo ló ń gbé?"

Ṣùgbọ́n Àǹtí Cecilia ò gbọ́ wọn mọ́. Monet. Ó fa ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, apá búláòsì náà ya, kò sì bìkítà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà nínú iyanrìn.

"Fisáyọ̀, wò mí. Àǹtí ò bínú. Kí lo rí?"

"Mọ́mì ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀." Ọmọ náà ń fa ikun sí imú. "Oòrùn wá bọ́ sójú wọn. Ẹ ní ká má ya ohun tá a ti mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹyinjú máa ń funfun, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tiwọn ò funfun. Yẹ́lò ni. Mo lọ, mo tún padà wá wò ó. Mọ́mì ní kí n yé wo àwọn bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Ṣé wọ́n ti ń họra nígbà yẹn?"

"Wọ́n ti ń họra tipẹ́. Wọ́n ní ooru ni, wọ́n ní kí n má sọ fún Dádì, torí ó ti máa ń rẹ Dádì jù."

Ibà pọ́njú. Àǹtí Cecilia mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ ti ní in rí nílé, ojú àbúrò náà sì rí bákan náà gẹ́lẹ́. Kò mọ ohun tó máa ń ṣe fún aláboyún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní dúró dè. Òun náà sì ti rí i! Àwòrán náà wà lára ògiri níwájú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òun sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dìde, ó kọjú sí Kọ́lápọ̀. "Dádì Fisáyọ̀, ìgbà wo lẹ rí ojú ìyàwó yín kẹ́yìn?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Àná ni!"

"Nínú oòrùn ni mò ń wí, Sà."

Kí ni Kọ́lápọ̀ fẹ́ sọ? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jáde nílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í débi iṣẹ́ ní Aílàǹdì lásìkò. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó padà, kò ní í sí iná, lámpù onírìṣáájì kékeré báyìí ló máa ń wà lórí tábìlì tó bá ń jẹun. Oorun ló máa ń sùn ní Sátidé títí dìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ á ti kun páńkéèkì kó tó jí. Ìdajì àwọn ọkùnrin Alimọ́ṣọ́ ló ń gbé bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Wọ́n ń sùn ti ìyàwó wọn lálaalẹ́, wọn ò sì mọ àwọ̀ tójú rẹ̀ ní.

"Èmi..." ni Kọ́lápọ̀ wí. "Sátidé..."

"Kọ́lá, má dá a lóhùn!" ni Susanna wí. "Ó fẹ́ fi ẹnu dídùn yí ẹ lórí ni!"

"Mà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀." Ohùn Àǹtí Cecilia ti le, ó ya òun pàápàá lẹ́nu. "Ẹ sun pépà náà tó bá wù yín. Ẹ mú èmi gan-an dání. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ìyàwó yín jáde sínú oòrùn, kẹ́ ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Tó bá funfun, èmi nìyí, ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín. Mi ò ní sá."

Kọ́lápọ̀ gba pépà jíjóná náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Wọ ọkọ̀," ni ó wí fún Àǹtí Cecilia. Kò fi ẹ̀yin pè é.

Wọ́n kọrí sọ́nà Ìkòtún, Kọ́lápọ̀ ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Susanna ń gbàdúrà níwájú, ó ń fi ọwọ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù. Fisáyọ̀ jókòó ti Àǹtí Cecilia lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ tó jóná mọ́ra. Nígbà náà ni iyèméjì wọ Àǹtí Cecilia lára. Ọmọdé ni ọmọ yìí, àbí? Ọ̀dà tí òun pín fún wọn ńkọ́, ṣé funfun tiẹ̀ wà níbẹ̀? Bóyá funfun ti tán nínú ike, ni ọmọ náà bá fi yẹ́lò rọ́pò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ti fi ọrùn ara òun lélẹ̀ lásán nìyẹn. Ó fẹ́ bi ọmọ náà, kò sì lè bi í.

Ní ilé àdúrà náà, yàrá gígùn kan ni wọ́n tẹ́ àwọn aláboyún sí. Kọ́tìnnì pupa bo gbogbo fèrèsé, wọ́n sì tì wọ́n pa nítorí atẹ́gùn. Ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ Kọ́lápọ̀, ó ní wọn kì í gbé ẹni tó wà lábẹ́ àdúrà síta.

"Ẹ máa bínú, Mà," ni Kọ́lápọ̀ wí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Orí ẹní ni Olútóyìn wà. Ní abẹ́ kọ́tìnnì pupa yẹn, pupa ni gbogbo ojú rẹ̀, bíi tàwọn tó kù. Kọ́lápọ̀ gbé e tikùntikùn, ó gbé e dé fàráńdà, oòrùn sì dà bò wọ́n. Obìnrin náà di ojú.

"Tóyìn, lajú."

"Oòrùn yìí ti pọ̀ jù, Dádì Fisáyọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ooru ni."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Lajú, kí n rí ẹ."

Ó lajú. Àǹtí Cecilia rí i láti orí àtẹ̀gùn. Yẹ́lò ni, yẹ́lò tí ọmọ náà fi kùn ún gan-an, gíríìnì sì wà lábẹ́ ojú rẹ̀ níbi tí ọmọ náà fi sí. Kọ́lápọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo pépà tó há sáàárín ìka rẹ̀, ó tún wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Susanna ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lò ń wò, Kọ́lá? Gbé e sọ́kọ̀! Ọsibítù! Jésù, ṣàánú wa, gbé e!" Ó ju ìgò òróró sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀ mú.

Ní ọsibítù ìjọba, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Mardiyah fi ìka gbé ìpéǹpéjú Olútóyìn sókè. "Láti ìgbà wo lojú wọn ti rí báyìí?"

Ọkọ wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Olútóyìn fúnra rẹ̀ ò lè dáhùn mọ́. Kọ́lápọ̀ yí pépà náà padà. Ọmọ náà ti kọ ọ́ sẹ́yìn bí Àǹtí ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà: *Ọjọ́rú. Kí n tó lọ síléèwé.*

Dókítà gbà á, ó kà á, ó sì yí i wo ojú àwòrán náà pẹ́. "Ta ló ṣe èyí?"

"Ọmọ mi ni, Mà."

"Ẹ̀dọ̀ wọn ló ní ìṣòro. A ní láti gbé ọmọ jáde lónìí, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la." Ó ti ń lọ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Susanna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò sì gbé ohùn sókè mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ti fi báńdéèjì di ọwọ́ Fisáyọ̀. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ títí, ó sì bi í ní ohùn tó kéré.

"Dádì, ká ní mo fi funfun kùn ún, ṣé ara Mọ́mì ì bá le?"

Kọ́lápọ̀ bú sẹ́kún. Ó sun ẹkún náà níwájú gbogbo èèyàn. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ká ní o fi funfun kùn ún, inú yàrá yẹn náà ni à bá ṣì fi í sí. Ṣé o gbọ́ mi? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ìwọ lo ṣe é. Èmi ni mi ò wò ó." Ó gbójú sókè wo Àǹtí Cecilia, ó wo apá búláòsì tó ya. "Àǹtí, ẹ forí jì mí."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ nígbà tó fẹ́ sọ ọ́," ni Àǹtí Cecilia wí. Ó jókòó tì wọ́n.

Ọmọkùnrin ni wọ́n gbé jáde, kékeré báyìí, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Olútóyìn ò jí lọ́jọ́ náà. Kò jí lọ́jọ́ kejì. Kọ́lápọ̀ ò lọ síbi iṣẹ́, kò sì gbé ìpè ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Cecilia tún lọ kí wọn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Olútóyìn ti jí, ó fẹ̀yìn ti pílò, kò sì tíì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọ́lápọ̀ ti ká kọ́tìnnì fèrèsé kúrò pátápátá. Oòrùn ń wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ibùsùn, ó gun ọwọ́ obìnrin náà, ó gun ọrùn, ó dé ojú. Kọ́lápọ̀ gbé Fisáyọ̀ jókòó sórí àga níwájú ìyá rẹ̀.

"Bá mi wò ó dáadáa," ni ó wí. "Má kánjú. Àwọ̀ wo lo rí?"

Ọmọ náà na ọrùn. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ìyá rẹ̀ ò sì ní kó yé wo òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ó ṣì ku yẹ́lò díẹ̀, Dádì," ni ó wí. "Ní ìkángun ojú níbí. Ṣùgbọ́n funfun ti ń bọ̀."